Láti Ìtokú dé Màpó: Ọ̀ṣọ́ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ògiri Yàrá Akẹ́kọ̀ọ́

Ìwé ìgbaniwọlé ti dé láti Yunifásítì Ìbàdàn. Ọmọbìnrin tí ẹ bá nílé ọkọ, ẹni tí ẹ ń pè ní Eyínfúnjowó nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ti di akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Inú gbogbo ilé dùn. Ìyá ọkọ yín ti ń yan gààrì, ọkọ yín ti ra fóòmù, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ sì ti pín garawa, sítóòfù àti aṣọ ìbora mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, tí owó ọwọ́ yín kò pọ̀, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn yín, ẹ ń rò ó pé kí ni ó kù tí ẹ lè fi ṣe é lóore, tí kò ní dà bí ẹni pé nítorí ẹnu ayé ni ẹ ṣe ṣe é. Ó ku ògiri.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ ó rántí alẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Yàrá kan, ọmọbìnrin mẹ́rin tí kò mọ ara wọn rí, kọ́bọ́ọ̀dù tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé dáadáa, àti ògiri tí àwọn tó ti kọjá lọ fi àpá ìṣó, ojú sẹ́lótéèpù àti orúkọ ara wọn sí lára. Ọmọ yóò dùbúlẹ̀, yóò kọjú sí ògiri kí àwọn yòókù má bàa rí omijé rẹ̀, àwọn àpá wọ̀nyẹn ni yóò sì máa wò títí oorun yóò fi gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ọwọ́ yín ṣe ni ó wà níbẹ̀, ohun mìíràn ni ọkàn rẹ̀ yóò máa rò.

Wọ́n ń ta àwòrán lọ́jà, tí a fi ike yí ká, èyí tó jẹ́ ti ìlú òyìnbó ni ó sì ń tà jù. Mo ti wọ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí Ilé-ìṣọ́ Eiffel gba ògiri rẹ̀ láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé àjà. N kò bá ilé-ìṣọ́ náà jà. Láti ọdún 1889 ni ó ti dúró sí Párís, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá ó ti gun Òkè Olúmọ rí, ó ní òun kò tíì dé Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ Agége ni wọ́n bí i sí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ra ìrìn-àjò tí a tẹ̀ sórí bébà fún Eyínfúnjowó. Ẹ mú un rìn ín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí yóò máa gbà lọ sílé-ìwé láti Èkó jẹ́ ohun tí yóò wà lára ògiri rẹ̀, kí ẹ sì kó ohun èlò rẹ̀ jọ lójú ọ̀nà náà gan-an. Ọjọ́ méjì péré ni yóò gbà yín, owó ọkọ̀ ni yóò sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ẹ ó ná.

Ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà àtijọ́ náà. Èyí tí à ń wọ̀ báyìí jẹ́ tuntun, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 157. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, kí ẹ jókòó létí fèrèsé, kí ẹ sì ní kí Eyínfúnjowó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ìdúró kọ̀ọ̀kan sínú ìwé bí ó ti ń kọjá: Agége, Agbádó, Kájọlà, Pápáaláǹtò. A ó lò ó níwájú. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ní ibi tí ọwọ́ ọmọ ẹ̀yìn yín kò ti ní tó o, nítorí ẹnu ni yóò kọ́kọ́ kó o sí.

Ládérin ni ibùdókọ̀ ojú irin Abẹ́òkúta wà. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ìlú náà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ ó tún wọ mọ́tò kí ẹ tó dé Olúmọ. Abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí ogun lé wọn dé ibẹ̀ ní 1830, ìtàn náà kò sì ṣòro láti gbàgbọ́ nígbà tí ènìyàn bá dúró sí ihò inú rẹ̀ tí òtútù òkúta ń fẹ́ sí i lára. Ẹ bá ọmọ gun òkè náà. Nígbà tí ẹ bá dé orí rẹ̀, gbogbo òrùlé Abẹ́òkúta ni yóò tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín, páànù tó ti dípẹtà lórí páànù tó ti dípẹtà, odò Ògùn yóò sì máa dán lókèèrè. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò. Kì í ṣe fọ́tò ara yín ni mo ń wí, òrùlé ni kí ẹ yà. Bí ẹ bá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun lórí bébà ńlá, àwọn òrùlé náà yóò di ọnà tó dára tó aṣọ, iye tí ẹ ó sì san kò ní tó owó ìṣù kan.

Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọjà Ìtokú. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni owó yín yóò ti tó tàbí kí ó má tó. Ohun tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lọ́jà náà kì í ṣe oríṣi kan. Oníko ni èyí tí a fi ìko di, kí aró má bàa dé ibi tí okùn wà. Àwọn òṣùpá àti ìràwọ̀ funfun tí ẹ ń rí lára rẹ̀, ojú okùn ni. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀ kí a tó rẹ ẹ́. Ẹlẹ́kọ ni ti láfún. Wọn a po láfún, wọn a sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, wọn a fi í ya ọnà sí ojú aṣọ, wọn a sì jẹ́ kí ó gbẹ. Nígbà náà ni wọn a tó rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró, wọn a yọ ọ́, wọn a sá a, wọn a tún rẹ ẹ́, títí àwọ̀ yóò fi mú bí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọn a ha ẹ̀kọ kúrò, ibi tí ẹ̀kọ bò mọ́lẹ̀ a sì yọ ní funfun. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí a gé ihò ọnà sí lára ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ ẹ̀kọ náà. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin ń mú lọ́wọ́ bí ẹni mú gègé ìkọ̀wé. Ewé ẹ̀lú gígún àti omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe aró àtijọ́. Lónìí, aró inú agolo àti àbẹ́là gbígbóná ni ó wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ alábẹ́là. N kò rí àléébù nínú èyí. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ṣì ni.

Èyí tí ẹ óò ṣọ́ra fún ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n kó ọnà àdìrẹ sí lára. Ó ń wọ ọjà, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláró. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Ojú aṣọ ẹ̀rọ a máa dán, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì ṣá. Ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa dúdú, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ya ẹ̀kọ sí. Oníko a máa hàn lójú méjèèjì. Ẹ tún fi ọnà kan wé èkejì. Bí ẹyẹ mẹ́wàá bá wà lára aṣọ tí ìyẹ́ wọn kò yàtọ̀ síra níbì kankan, ẹ̀rọ ni, nítorí ṣàṣà ni ọwọ́ fi ń tẹ ọnà méjì kí ibì kan má nípọn jù, kí ibì kan má sì wọ́.

Ẹ má béèrè odindi aṣọ. Ẹ béèrè ègé, yáàdì kan tàbí yáàdì kan àbọ̀, tàbí èyí tí aró rẹ̀ kò mú dọ́gba tí ẹnikẹ́ni kò ní fi rán aṣọ òde. Lára ògiri, àbàwọ́n aró a dà bí ìkùukùu, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé àbàwọ́n ni. Ẹ ná an, ọjà ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá owó lé e, ẹ wo èékánná ìyá tó ń tà á.

Ọjọ́ kejì ni ti Ìbàdàn. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Abẹ́òkúta, ẹ lè sùn síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní, ẹ padà sílé kí ẹ tún ọ̀nà náà tọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀mì-Adió ni ìdúró tó ṣáájú Ìbàdàn, Mọ́níyà sì ni ọkọ̀ yóò já yín sí. Ẹ má kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé. Ẹ gun Òkè Màpó lọ wo gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1929, kí ẹ sì dúró níwájú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀ kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Àwọn obìnrin aláró Ìbàdàn pẹ̀lú wo àwọn òpó yìí, wọ́n sì gbé wọn sára aṣọ: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí ẹyẹ, alángbá àti ewé sì wà nínú àwọn igun yòókù. Ìbàdàn dùn ni wọ́n sọ aṣọ náà. Kí ni ṣíbí ń wá láàrin òpó ilé ìjọba? Èrò tèmi ni pé ẹni tó yà á mọ̀ pé kò sí bí ìlú ti lè dùn tó tí kò bá sí oúnjẹ. Bákan náà ni ó rí ní 1935, nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún 25 lórí oyè. Àwọn aláró gbé àwòrán ọba àti ayaba rẹ̀ sára àdìrẹ. Àwọn ìyá wa ti ń ya ibi tí wọ́n dé àti ìròyìn tí wọ́n gbọ́ sórí aṣọ kí ẹnikẹ́ni tó máa ta àwòrán inú ike fún wa.

Ìbàdàn dùn kò pọ̀ lọ́jà mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ó wà nínú àpótí. Kí ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ yín, kí ẹ bi í bóyá ìró àdìrẹ àtijọ́ kan kù sí ìsàlẹ̀ àpótí, èyí tó ti ya tàbí tí kòkòrò ti jẹ. Apá méjì tí a rán pọ̀ ni ìró bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, yáàdì méjì àbọ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti jẹrà, ìdajì kejì lè ṣì dára. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fi àlùmọ́gàjí gé e. Ìró ìyá kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń gé láìgba àṣẹ. Ẹ sì jẹ́ kí Eyínfúnjowó jókòó síbẹ̀ nígbà tí màmá bá ń sọ ibi tí ó ti rà á, ẹni tí ó bá a ná an, àti ayẹyẹ tí ó kọ́kọ́ ró o lọ. Mo ti rí i tí àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá àti ọmọ kò bá ara wọn sọ láti ọdún pípẹ́ jáde nítorí ègé aṣọ kan.

Bí owó bá kù, Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí Ìbàdàn, bí 50 kìlómítà ni, àwọn afíngbá sì wà níbẹ̀. Ìdérí igbá kékeré kan tí a fín, tí ó sán díẹ̀ tí kò ṣeé gbé oúnjẹ mọ́, a máa rọrùn láti rà, a sì máa dára lórí ògiri. Bí owó kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a wọ yàrá náà. Ní 1948 ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀, ọkọ àti aya kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew, ni ó sì ya púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ro ti ooru ilẹ̀ wa, wọ́n sì dá ihò sí ara ọ̀pọ̀ ògiri kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Bí irú ihò bẹ́ẹ̀ bá wà ní yàrá ọmọ yín, ẹ má ṣe fi aṣọ dí i, bó ti wù kí aṣọ náà lẹ́wà tó. Ẹ má kan ìṣó, nítorí ilé ìjọba ni, ẹ má sì lo sẹ́lótéèpù tí yóò ṣí ọ̀dà ògiri. Lẹ́ẹ̀ tí a fi ẹ̀kọ ṣe ń kó aáyán wọlé, nítorí náà ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹ ṣẹ́ àdìrẹ náà létí yíká, kí ìṣẹ́tí òkè fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kí ẹ ki ọ̀pá ọparun tín-ín-rín bọ inú rẹ̀, kí ẹ so okùn mọ́ ìkángun rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì gbé e kọ́ orí igi kọ́tìnnì tàbí orí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ fọ àdìrẹ tuntun lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí yóò fi mọ́, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Aró tí a kò fọ̀ yóò ràn mọ́ ìrọ̀rí funfun, oòrùn gangan a sì máa jẹ àwọ̀. Kí aṣọ náà jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dáná.

Nípa ti fọ́tò àti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tọ aránṣọ àdúgbò lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìgbéyàwó ni ó máa ń ní ègé òfì tí ó fẹ́ dà nù, bóyá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, bóyá níbòmíràn. Òfì tí a kò tíì rán pọ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì gùn. Ẹ so ó rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, kí ẹ rán àpò kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ojú rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin yóò wọ ọ̀kan, fọ́tò ìyá àti bàbá yóò wọ èkejì, ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí i yóò wọ ẹ̀kẹta. Ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀ lófìfo.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni máàpù tí a fi abẹ́rẹ́ rán. Ẹ wá bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun kan tó ti gbó láàrin ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì le, kí ẹ gé 75 sẹ̀ǹtímítà ní òró, 50 ní ìbú. Ẹ gbé ìwé jọ́gíráfì síwájú, kí ẹ fi pẹ́ńsù ya ilẹ̀ Yorùbá nìkan, kí ó tóbi. Kò pọn dandan kí ó gún bí ti àwọn awọnlẹ̀. Etí òkun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi òwú aláwọ̀ aró rán, kí abẹ́rẹ́ máa padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú, kí ìlà náà má bàa já. Lẹ́yìn náà, ẹ rán odò Ògùn, láti apá Ṣakí lókè, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta sọ̀kalẹ̀ wá sínú ọ̀sà Èkó. Òwú dúdú ni kí ẹ fi rán ọ̀nà irin, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kéékèèké dábùú rẹ̀ bí igi abẹ́ irin. Ẹ mú ìwé tí Eyínfúnjowó kọ orúkọ ìdúró sí jáde, kí òun fúnra rẹ̀ fi pẹ́ńsù kọ wọ́n sí ipò wọn lórí aṣọ, kí ẹ̀yin sì rán òwú tọ ìkọ̀wé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, bí ó tilẹ̀ wọ́. Ní ojú ìlú kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti dé, ẹ rán ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ ọn. Ti Èkó, ẹ yọ ọ́ lára ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ yín tó já, ọmọ tí Eyínfúnjowó ti pọ̀n ju bí ẹ̀yin gan-an ti pọ̀n ọ́n lọ.

Bí ẹ bá ń rán an díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọ bá sùn, yóò parí kí wọ́n tó wọlé. Ẹ má ṣe rán an kọjá ibi tí ọmọ ti dé. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ti Òṣogbo, ti Oǹdó àti Àkúrẹ́, ẹ fi pẹ́ńsù yà wọ́n kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ aṣọ náà létí kí ó fẹ̀, kí ẹ má ran ìkángun rẹ̀ kan pa. Inú ibẹ̀ ni kí ẹ ki abẹ́rẹ́ kan bọ̀ tí a fi bébà wé ẹnu rẹ̀, òwú díẹ̀, àti ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ọ̀rá kékeré.